Ẹni Tí Wọ́n Ní Kí N Máa Ṣọ́ ní Misfalah

Láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ènìyàn ń bi mí: "Ráshídì, báwo ni Mẹ́kà ṣe rí?" Mo mọ èsì tí wọ́n ń retí. Wọ́n fẹ́ kí n sọ pé ibẹ̀ tuni lára, pé ènìyàn kì í fẹ́ padà wálé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́ síbẹ̀, a jẹ́ pé mo tàn yín. Kì í ṣe Haji ni mo bá lọ. Iṣẹ́ okùn ni mo bá lọ, okùn fáíbà tó ń gbé ìpè àti íńtánẹ́ẹ̀tì, ohun tó sì kún inú mi jù lọ ní gbogbo àkókò tí mo lò níbẹ̀ ni ìfura. Mo fura sí ènìyàn, mo fura sí oúnjẹ, mo fura sí inú rere pàápàá. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rán ọmọ lọ sí irú ibẹ̀ lè mọ̀ pé kì í ṣe oòrùn nìkan ni yóò bá jà.

Ẹni tó gbé orúkọ mi dání

Àárọ̀ la balẹ̀ sí Jẹ́dà. Afẹ́fẹ́ tó kọ́kọ́ fẹ́ sí mi lójú dà bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ìdérí ìkòkò tó ń hó. Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò wo àwòrán mi, ó wò mí, ó tún wo àwòrán náà. Èmi tí n kò jí nǹkan rí láyé mi, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí: bí ẹnikẹ́ni bá wò mí pẹ́, mo máa ń rò pé mo ti ṣẹ̀.

Nígbà tí mo jáde, mo rí ọkùnrin gíga kan tó wọ ẹ̀wù funfun balẹ̀, tó gbé páálí tí wọ́n kọ orúkọ mi sí dání. Mo ti ń to Lárúbáwá tí mo kọ́ ní ilé kéú jọ lẹ́nu, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ṣé ìwọ ni Ráshídì ọmọ Ìwó?"

Yorùbá! Kì í sì í ṣe Yorùbá ìwòyí, irú èyí tí ìyá bàbá mi ń sọ kó tó kú ni. Dípò kí inú mi dùn, ńṣe ni ara mi ta gìrì. Àǹtí mi ti kìlọ̀ fún mi kí n tó kúrò nílé pé ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ èdè rẹ sí ọ lókè òkun, òun ló fẹ́ gbá ọ.

"Ta ló sọ fún yín pé ọmọ Ìwó ni mí?"

"Ìwé rẹ ló sọ fún mi. Èmi ni Hámzà, èmi àti ìwọ la ó jọ máa ṣiṣẹ́. Yállà, jẹ́ ká lọ. Gbé àpò yẹn wá."

"Ẹ má ṣèyọnu, mo lè gbé e."

"Kí ló wà nínú ẹ̀ tó o dì í mọ́ra bẹ́ẹ̀? Wúrà?"

"Gàrí ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí àwọn tó dúró nítòsí fi yíjú wò wá. "Gàrí! Ẹ wá wo ẹni tó di gàrí mọ́ra bí ọmọ ìkókó!"

Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò jọ̀wọ́ àpò.

Inú ọkọ̀ ló ti sọ ìtàn ara rẹ̀ fún mi. Bàbá rẹ̀ àgbà ló wá ṣe Haji láti Ìsẹ́yìn, tí kò padà sílé mọ́. Mẹ́kà ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí òun náà sí, ibẹ̀ náà ni òun bí àwọn ọmọ òun sí. Bó bá fi Yorùbá bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀, Lárúbáwá ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Síbẹ̀, àlejò ni gbogbo wọn lójú òfin. Ìkáámà ni wọ́n ń gbé kiri, ìyẹn ìwé tó ń jẹ́ kí àlejò lè máa gbé níbẹ̀, ọ̀gá tí ènìyàn ń bá ṣiṣẹ́ ló sì máa ń fọwọ́ sí i kí wọ́n tó tún un ṣe. Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń sọ iye yàrá tó wà nílé rẹ̀. Èmi ń rò ó lọ́kàn pé kí ló dé tí ọkùnrin yìí fi ń sọ gbogbo èyí fún ẹni tí kò mọ̀ rí.

Ife kékeré ní Obhur

Àdúgbò Obhur ní Jẹ́dà, létí òkun, ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ilé ńláńlá ló wà níbẹ̀, ògiri wọn ga, kò sì sẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń rìn lẹ́bàá ọ̀nà, àlejò ni.

Ní ilé àkọ́kọ́ tí a dé, bàbá tó ni ilé kò jẹ́ ká fọwọ́ kan okùn. Ó ní ká jókòó ná. Ó gbé dàbínù síwájú wa, ó sì da kọfí sínú ife kékeré tí kò ní ìgbámú fún mi. Kọfí náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó korò, ó ń ta sánsán bí ewé egbòogi. Mo mu ún tán, ó tún da òmíràn. Mo mu ìyẹn náà tán kí n má bàa rí i fín, ó tún dà á. Bàbá náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ó fẹ́ dá mi dúró síbẹ̀ ni, bóyá ẹnì kan ń yẹ irinṣẹ́ wa wò nínú ọkọ̀. Òógùn bò mí. Hámzà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó kàn ń wò mí títí inú mi fi ń dún.

"Mi ife náà jìgìjìgì kó o tó dá a padà," ló wí níkẹyìn. "Bó ò bá mì í, á máa dà á fún ọ títí di ọjọ́ Àlùkìyámọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ kò sọ fún mi látàárọ̀, Bùrọ̀dá?"

"Mo fẹ́ mọ ibi tí ikùn ọmọ Ìwó mọ."

Àwàdà ni. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé àwàdà lásán ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo fi sọ́kàn pé ọkùnrin yìí lè jókòó kó máa wo ìyà ẹlòmíràn láìmi ojú.

Ẹ jẹ́ kí n la iṣẹ́ náà yé yín díẹ̀, torí òun ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀. Okùn fáíbà jẹ́ dígí tí wọ́n fà tín-ín-rín bí irun orí, tí wọ́n wá fi ike dúdú wé. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá dé òdìkejì, ó lè jẹ́ pé okùn já, tàbí pé ẹnu rẹ̀ dọ̀tí, tàbí pé nǹkan tẹ̀ ẹ́ kọjá bó ṣe yẹ. A ní ẹ̀rọ kan tó ń ju ìmọ́lẹ̀ sínú okùn náà, tó wá ń tẹ́tí sí ohun tó padà, bí ẹni tó pariwo sínú kànga kó lè mọ bó ṣe jìn tó. Oríṣi ìmọ́lẹ̀ méjì ló máa ń jù. Àkọ́kọ́ kì í ka kọ́nà sí. Èkejì a máa yọ́ jáde níbi tí okùn bá ti ṣẹ́ kọ́nà, bí èrò ọkọ̀ tó ń bẹ́ sílẹ̀ níbi tí dẹ́rẹ́bà ti tẹ bíréèkì. Bí méjèèjì bá jọ kùnà, okùn ti já tàbí ó dọ̀tí. Bó bá jẹ́ èkejì nìkan ló sọnù, nǹkan kan ló ń tẹ okùn náà.

Tíì eléwé míǹtì

Ọ̀gá wa, Ẹnjiníà Sàmíì, àlejò bíi tèmi ni òun náà, láti ilẹ̀ Lárúbáwá mìíràn. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní ọ̀nà èbúté Jẹ́dà, níbi tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé kì í yé kọjá. Ó pè mí wọlé lọ́jọ́ kan, ó ti ilẹ̀kùn, ó wá bu tíì tí wọ́n fi ewé míǹtì, ewé olóòórùn bí efinrin, sí fún mi. Mo ti kọ́ ọ nígbà náà pé níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹrù lé ọ lórí á kọ́kọ́ fi nǹkan tù ọ́ lọ́fun.

Ó ní hòtẹ́ẹ̀lì kan wà ní Misfalah, ní Mẹ́kà, tí okùn rẹ̀ máa ń dákú ní gbogbo ìgbà. Bí wọ́n bá ti ké sí wa, Hámzà ni wọ́n ń rán lọ. Hámzà á gun orí òrùlé, á sọ̀ kalẹ̀, okùn á sì ti jí. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló ṣe, á ní òun kò rí nǹkan kan. Máníjà hòtẹ́ẹ̀lì ti ń sọ ọ́ gbangba pé ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ ló ń pa á tó tún ń jí i, kí wọ́n lè máa rí i bí ẹni tó wúlò.

"Ìkáámà rẹ̀ wà lórí tábìlì mi," ni Ẹnjiníà wí. "Mi ò lè fọwọ́ sí i fún ẹni tó ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ èdè kan náà. Máa ṣọ́ ọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí, sọ ohun tó o rí fún mi."

"Bí ẹ kò bá fọwọ́ sí i ńkọ́, sà?"

"Wọ́n á dá a padà sílé."

"Ilé wo?"

Ó wò mí bí ẹni tó rò pé mo ń ṣe yẹ̀yẹ́. "Nàìjíríà, dájúdájú."

Nàìjíríà tí Hámzà kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì sọ ọ́. "Ó dáa, sà," ni mo wí. Ẹ̀rù ń bà mí, torí wọ́n ṣì ń dán èmi náà wò lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ọkùnrin yìí kan náà ló lè dá mi padà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Ara mi yá díẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo ìfura tí mo ti ń kó jọ láti pápákọ̀ òfurufú, tí mo ti ń bínú sí ara mi nítorí rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà bí ọgbọ́n.

Mẹ́kà

Ọ̀nà Mẹ́kà gba àárín òkè kọjá, òkè tí kò ní koríko, tó dúdú bí ìdí ìkòkò. "Kọ́kọ́ lọ kí Ilé Ọlọ́run," ni Hámzà wí bí a ti dé. "Okùn kì í sá lọ."

Mo ti rò pé ìgbà tí mo bá rí Kábà ni omijé máa dé. Kí n tó rí i ló ti dé. Ẹsẹ̀ mi tutù lórí òkúta funfun náà, gbogbo èdè ayé ń dún yí mi ká, ọkàn mi sì fúyẹ́ bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo ń ṣe àdúà lọ́wọ́ ni ẹnì kan gbá mi lọ́rùn ọwọ́ mú. Kíá ni mo fi ọwọ́ kejì bo àpò mi. Bàbá arúgbó kan ni. Ó fi òróró olóòórùn dídùn pa ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú ọwọ́ ẹni tó tẹ̀ lé mi láti pa tirẹ̀ náà. Ojú tì mí débi pé n kò rántí ọ̀rọ̀ tó kù nínú àdúà mi. Síbẹ̀, kí n tó kúrò níbẹ̀, mo tún yẹ àpò náà wò. Ẹ ò rí nǹkan!

Misfalah kò jìnnà sí Mọ́sálásí ńlá náà, lápá gúúsù. Ibi tí wọ́n ti ń wó ilé àtijọ́ lulẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ tuntun ni. Wọ́n ti gbẹ́ ọ̀nà iwájú hòtẹ́ẹ̀lì náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé okùn gba orí òrùlé kọjá fún ìgbà díẹ̀. Máníjà kò dìde kí wa. "Àwọn Tákárínà ti dé," ló wí fún ẹni tó jókòó tì í. Orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo ẹni tó bá wá láti ìhà tiwa nìyẹn. Ó sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ "Gàm̀bàrí" nílé, láìwo ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ó dùn mí. Mo wo Hámzà bóyá ó dun òun náà. Ojú rẹ̀ kò yí padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a jẹ ìrẹsì àti adìyẹ nínú àwo ńlá kan ṣoṣo, gbogbo òṣìṣẹ́ yí i ká, ọwọ́ la fi ń jẹ ẹ́. Hámzà ń já ẹran tó dára jù, ó ń tì í síwájú mi. Bí mo bá jẹ èyí tán, á ti òmíràn wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe àlejò níbẹ̀, gbogbo wọn ló ń ṣe é fún ara wọn. Èmi ń jẹ ẹran náà, mo sì ń rò pé bóyá ó mọ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ẹran yìí.

Lọ́jọ́ kejì, okùn dákú. A wà nítòsí, torí náà a débẹ̀ kíá. Mo so ẹ̀rọ mọ́ okùn nínú yàrá kékeré tó wà nísàlẹ̀, Hámzà sì lọ wá ẹ̀ṣọ́ tó ni kọ́kọ́rọ́ òrùlé. Mo ju ìmọ́lẹ̀ méjèèjì. Àkọ́kọ́ kọjá geerege. Èkejì sọnù, ẹ̀rọ sì tọ́ka sí apá ibi tí okùn ti gba orí òrùlé. Okùn kò já. Kò dọ̀tí. Nǹkan kan ló ń tẹ̀ ẹ́ lókè. Bí mo ṣe ń wò ó lọ́wọ́, tí Hámzà ń gòkè lọ, ìmọ́lẹ̀ kejì padà wá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Kò pẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń nu òógùn. "Kò sí nǹkan kan lókè. Ṣé ó ti jí?"

"Ó ti jí, Bùrọ̀dá."

"Sùbùhánálláà! Okùn yìí mọ ojú mi ni."

N kò rẹ́rìn-ín. Ta ló mọ̀ bí a ṣe ń tẹ okùn tí kò ní ní àpá, bí kò ṣe oníṣẹ́ okùn? Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti fi nǹkan tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, ó kàn lọ yọ ọ́ ni. Mo jókòó sínú yàrá yẹn, mo tẹ ọ̀rọ̀ sínú fóònù sí Ẹnjiníà: "Hámzà ni." N kò fi ránṣẹ́. Kì í ṣe àánú ló dá mi dúró. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i ná, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mo parọ́ mọ́ ọn.

Ẹ̀yìn táǹkì

Lọ́jọ́ kejì sí ìyẹn, lẹ́yìn ìrun Aláàsárì, okùn tún dákú. Hámzà ní kí n dúró ti ẹ̀rọ, ó sì lọ wá ẹ̀ṣọ́. Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà báyìí, mo gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn tí wọ́n ṣe nítorí iná, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì. Mo fẹ́ ṣáájú rẹ̀ dé òkè kí n lè rí ohun tó fẹ́ yọ. Mo dé orí òrùlé, mo sá sẹ́yìn táǹkì omi, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ohùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

"Fà á le, Ṣíkírá, omi ṣì ń kán lára rẹ̀."

"Apá mi ti ń ro mí, Àlàájà. Aṣọ ọkọ yín wúwo ju ọkọ yín lọ."

"Ẹnu rẹ! Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe Úmúrà tán!"

Mo yọ orí. Àwọn obìnrin wa ni, àwọn tó wá ṣe Úmúrà láti ilé. Wọ́n ti fọ aṣọ funfun tí àwọn ọkùnrin fi ń yí Kábà ká, aṣọ tó nípọn bí táwẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń sá a ní tútù sórí okùn dúdú kan láti òpin dé òpin. Okùn wa ni. Aṣọ ti wọ̀ ọ́ wálẹ̀, níbi tó sì ti gba etí ògiri, ó ti ṣẹ́ bí ìgúnpá.

Mo dìde láìmọ̀.

"Yéè! Ọkùnrin! Ọkùnrin wà lẹ́yìn táǹkì!"

"Bo orí rẹ, Ṣíkírá! Olè!"

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá mi. Ọmọ Yorùbá ni mí."

"Ìyẹn ló burú jù!" Obìnrin sísanra kan tí wọ́n ń pè ní Àlàájà Sìfáwù gbé korobá dání bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ lù mí. "Ọmọ Yorùbá wá sí ìlú Ànábì, ó wá ń yọjú wo obìnrin!"

"Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń wò, mà. Okùn yìí ni."

"Kí lo fẹ́ fi okùn aṣọ wa ṣe?"

"Kì í ṣe okùn aṣọ, mà."

"Kí ló wá jẹ́? Kí lo rí lórí ẹ̀? Iṣu?"

Mo ṣàlàyé. N kò rò pé ó yé wọn, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan nítorí rẹ̀, wọ́n sì sọ tiwọn. Hòtẹ́ẹ̀lì kò gbà kí wọ́n sá aṣọ. Àwọn èrò Úmúrà tó ṣáájú wọn ló júwe ibẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó kúrò nílé, àwọn tó ṣáájú ìyẹn ló júwe rẹ̀ fún àwọn yẹn: bẹ́ ẹ bá dé Misfalah, ẹ gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, okùn tó le dáadáa wà lókè, bẹ́ ẹ bá ti gbọ́ kọ́kọ́rọ́ nílẹ̀kùn iwájú, ẹ kó aṣọ, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ wá yé mi lẹ́ẹ̀kan náà, orí mi sì wú. Hámzà kò rí nǹkan kan rí torí pé ìró kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló ń lé wọn sá.

Bí mo ti ń rò ó ni kọ́kọ́rọ́ náà dún. Àwọn obìnrin dìde gìrì, wọ́n ń já aṣọ. Mo dọ̀bálẹ̀ síwájú wọn.

"Ẹ dákun, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá a lórí ẹ̀."

"Kí wọ́n lè lé wa síta?"

"Bẹ́ ẹ bá kó o, ẹni tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n máa lé."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ní Lárúbáwá. Hámzà dúró, ó wo aṣọ, ó wo okùn, ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. "Aṣọ! Láti ọjọ́ yìí wá, aṣọ!" Lẹ́yìn náà ló rí mi nílẹ̀.

"Ráshídì? Mo fi ọ́ sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ."

Ṣíkírá ló bá mi dáhùn, kò sì ní èrò burúkú lọ́kàn. "Ẹ̀yìn táǹkì ló sá pamọ́ sí. Ẹnì kan ló ń ṣọ́."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìtàn tó dùn jù

Mo pe Ẹnjiníà Sàmíì, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ ń já lura lẹ́nu mi.

"Àwọn obìnrin náà, Yorùbá ni wọ́n?" ló bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Hámzà, Yorùbá. Ìwọ náà, Yorùbá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìtàn yìí dùn jù. Mo ń bọ̀ lọ́la. Bí kò bá rí bó o ṣe sọ ọ́, kì í ṣe ìwé ẹnì kan ṣoṣo ni mi ò ní fọwọ́ sí."

Ó dùn mí wọra. Èmi rèé, mò ń sọ òótọ́, wọ́n sì ń wò mí bí mo ṣe ń wo àwọn ẹlòmíràn.

Kò sí ẹ̀rí bí àwọn obìnrin náà kò bá tún aṣọ sá. Wọ́n kọ̀. Àlàájà Sìfáwù ní ẹni tó kó àwọn wá ti kìlọ̀ fún àwọn, pé wọ́n lè kó ẹrù àwọn síta. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo ní wọ́n lè lé Hámzà kúrò ní ìlú náà. Hámzà kò bẹ̀ ẹ́. Ó jókòó lórí etí ògiri, ó ń wo ibòmíràn. Níkẹyìn, Àlàájà yíjú sí i.

"Ìwọ, ọmọ ibo ni ọ́?"

"Mẹ́kà ni wọ́n bí mi sí, mà. Ìsẹ́yìn ni bàbá mi àgbà ti wá."

"Ta lo mọ̀ ní Ìsẹ́yìn?"

"Mi ò mọ ẹnì kankan."

"Ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ dá ọ padà sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Èmi, ìyàwó, àti àwọn ọmọ."

Àlàájà wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó gbé korobá rẹ̀. "Ṣíkírá, ẹ lọ rẹ aṣọ lọ́la kí ọ̀gá wọn tó dé. Kó rin gbingbin o."

Lọ́jọ́ kejì, Ẹnjiníà jókòó ti ẹ̀rọ nísàlẹ̀, èmi wà lókè pẹ̀lú fóònù létí. "Ẹ sá a," ni mo wí. Wọ́n sá ọ̀kan, wọ́n sá òmíràn, okùn ń wọ̀ wálẹ̀.

"Ó ń lọ," ohùn Ẹnjiníà wí. "Ó ń lọ... ó ti lọ."

"Ẹ ká a."

"Ó ti padà dé. Tún un ṣe."

A tún un ṣe. Ó ní ká tún un ṣe sí i.

"Ṣé ọ̀gá yìí kò rí aṣọ rí láyé ni?" ni Ṣíkírá ń kùn. "Títí dìgbà wo la ó máa sá a tá a ó máa ká a?"

Níkẹyìn, ó gun òkè wá fúnra rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ibi tó ṣẹ́ lára okùn náà, ó wo àwọn obìnrin, ó wo Hámzà. Ó pàṣẹ kí wọ́n gbé okùn sínú páìpù irin, ó sì bá máníjà sọ ọ́ kí wọ́n so okùn aṣọ gidi fún àwọn àlejò níbòmíràn. Máníjà kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹnjiníà náà kò tọrọ rẹ̀. Ó kàn wí fún Hámzà pé kó wá gba ìwé rẹ̀ bó bá ti dé Jẹ́dà. Àwọn obìnrin hó yèè, Àlàájà Sìfáwù sì fi ọwọ́ tútù gbá Hámzà lẹ́yìn, ó ní kó máa wá kí àwọn èèyàn rẹ̀ nílé, kó má dúró de ìgbà tí wọ́n bá lé e wá.

Ojú ọ̀nà

Èmi àti Hámzà nìkan la jọ padà sí Jẹ́dà. A ti jáde kúrò láàárín òkè kó tó sọ̀rọ̀.

"Ká ní èèyàn ibòmíràn ló wà lókè yẹn, tó ò gbọ́ èdè wọn, tí wọ́n sì kó aṣọ wọn lọ bí wọ́n ti máa ń ṣe, kí lò bá sọ fún Ẹnjiníà?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo sọ ti ìwé tèmi náà, ti ẹ̀rù, ti àǹtí mi, ti ìmọ́lẹ̀ méjì, ti bó ṣe jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá wà nípò mi...

Ó gbé ọwọ́ kan sókè kúrò lórí ìdarí ọkọ̀. "Ráshídì. Ọ̀rọ̀ kan."

Mo lè parọ́. Wọ́n ti ní kó wá gba ìwé rẹ̀, irọ́ náà kò ní pa á lára.

"Orúkọ yín ni, Bùrọ̀dá."

Ó mi orí.

"O ṣe mí lóore," ló wí. "Ọlọ́run á san án fún ọ. Mo máa sọ fún àwọn ọmọ mi pé ìwọ lo dọ̀bálẹ̀ nítorí bàbá wọn. Ṣùgbọ́n má pè mí ní Bùrọ̀dá mọ́. Èèyàn kì í sá sẹ́yìn táǹkì ṣọ́ bùrọ̀dá ẹ̀. Hámzà ni kó o máa pè mí, bí àwọn ará ibi iṣẹ́ ṣe ń pè mí."

A jọ ṣiṣẹ́ títí àkókò mi fi pé. Kò fi iṣẹ́ dù mí, kò sì bá mi yan odì. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọdún púpọ̀ jù mí lọ ni, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé. Láràárọ̀ tí mo bá fẹ́ wọ ọkọ̀, mo máa ń sọ pé "Ẹ káàárọ̀," ahọ́n mi á dé ibẹ̀, á dúró, n ó tó wá pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba, lójúkojú, bí ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Á dá mi lóhùn, á nawọ́ láti inú ṣí ilẹ̀kùn fún mi, a ó sì lọ.